Dírẹ́bà, Bá Mi Sọ Fún Un

Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn ọmọ ìyá méjì yìí kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ti gba ọmọ tó pọ̀ ju èrò ọjà lọ ní ilé ìgbẹ̀bí kan kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Agbẹ̀bí. Àbúrò fi ọdún márùn-ún kéré sí i. Irun ló ń dì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, Onídìrí ni wọ́n sì ń pe òun náà. Ilé wọn kò jìnnà síra. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, òpópónà kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí ọ̀kan bá rí èkejì lọ́ọ̀ọ́kán, yóò yà sílé ẹni tí kò ní nǹkan ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò máa kí ewúrẹ́ wọn.

Àbíkẹ́yìn ìyá wọn, wẹ́dà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló dá ọgbọ́n kan. Ó lọ bá Agbẹ̀bí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi ní erékùṣù. Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀." Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ bá Onídìrí, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìfi ẹyọ kan kún un. Kò sọ fún èyí pé òun ti sọ fún tọ̀hún. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù ni Agbẹ̀bí ti wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló bá rí àbúrò rẹ̀ lórí àga kejì, tó ń jẹ gúgúrú. Ilẹ̀ ti jìnnà nígbà náà. Kò sí ẹni tó máa fẹsẹ̀ rìn padà sílé lórí omi.

Yàrá kan ṣoṣo ni àbíkẹ́yìn gbà fún wọn ní ilé àlejò. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀, fèrèsé kan àti fáànù kan. Fáànù yẹn ló jẹ ìyà jù. Agbẹ̀bí á yí i kọjú sí ara rẹ̀, á jókòó. Onídìrí á dìde, á yí i sọ́dọ̀ tirẹ̀, á dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan, ìyá onílé ni wọ́n ń pè: "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n jókòó lé aṣọ mi." "Ẹ sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ ló wá sábẹ́ mi." Ọjọ́ méjì péré, ẹsẹ̀ ìyá onílé ti wú.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí wọ́n fẹ́ lọ wo ìlú èbúté, olú ìlú erékùṣù náà, ìyá onílé pe awakọ̀ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Àwọn màmá yìí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ o," ó sọ fún un. "Ìwọ lo máa wà láàárín. Ohun tí èyí bá sọ, kí o sọ ọ́ fún tọ̀hún."

Awakọ̀ tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó sanra níwọ̀nba, eyín iwájú rẹ̀ sì ní àlàfo. Táì yẹn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú tó.

"Èdè wo ni wọ́n ń sọ?" ó béèrè.

"Èdè kan náà."

"Èmi náà sì gbọ́ ọ?"

"O gbọ́ ọ."

Awakọ̀ wo àwọn ìyá méjèèjì, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ má dààmú. Ẹnu tèmi yìí tó ti ẹni mẹ́ta."

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Agbẹ̀bí jókòó síwájú, Onídìrí wà lẹ́yìn. Agbẹ̀bí wọ aṣọ búlúù tó ń wọ̀ sí iṣẹ́ láyé ijọ́un, tí kò jẹ́ kó lọ, torí pé ó fúyẹ́, ó sì ní àpò mẹ́rin. Wọn kò tíì jáde kúrò lẹ́nu géètì tí Onídìrí fi la ẹnu.

"Dírẹ́bà, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n mọ̀ pé ìsinmi la wá. Aṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n wọ̀ yẹn."

Inú ń bí i o, ṣùgbọ́n kò gbé "wọ́n" jù sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, bó bá ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni.

Awakọ̀ yíjú sí Agbẹ̀bí, tí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. "Màmá, àbúrò yín ní aṣọ yín tutù lójú."

Agbẹ̀bí kò ṣe bíi pé òun kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. "Dírẹ́bà, sọ fún un pé ó sàn ju kéèyàn máa wọ aṣọ aláwọ̀ mèremère bí ẹyẹ tó sọnù lọ."

"Màmá ẹ̀yìn," ni awakọ̀ wí, ó ń wo dígí iwájú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ jọ ẹyẹ."

"Mo gbọ́."

"Ẹyẹ tó lẹ́wà ni wọ́n ní lọ́kàn."

"Mo gbọ́ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn."

Ojú ọ̀nà yí orí òkè po, ló bá já sókè ìlú náà lẹ́ẹ̀kan náà. Onídìrí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé "Yéè!" àfi bó ṣe rántí pé ó lè dà bíi pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń bá sọ ọ́. Ìlú náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé etí òkun bí ẹni pé wọ́n dà á látinú agbọ̀n. Ilé kan pupa rẹ́súrẹ́sú, èkejì rẹ̀ ofeefee, ẹ̀kẹta àwọ̀ ewé, àfi bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n kó ọ̀dà fún tí àgbà kankan kò sí nílé. Páànù orí wọn ti dípẹtà lápá kan. Títì tóóró débi pé bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún béèrè àlàáfíà ara wọn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ilé kọ́sítọ́ọ̀mù wà pẹ̀lú àwọn òpó funfun rẹ̀, ọjà olórùlé gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èbúté wà níwájú. Lójú omi, ọkọ̀ òkun funfun kan dúró tó ga ju gbogbo ilé ìlú lọ. Ó tóbi jù láti wá sétí èbúté. Ńṣe ni àwọn ọkọ̀ kékeré ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀, bí èèrà tó rí ṣúgà.

Awakọ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi kan, ó sì kó wọn sọdá sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta àkẹtẹ̀. Onídìrí mú ọ̀kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ́, ó dé e, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Dírẹ́bà," ni Agbẹ̀bí wí, "sọ fún un pé ó jọ ìkòkò tí wọ́n fi ìdérí ìkòkò mìíràn bò."

Awakọ̀ wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n yín ní ó bá yín mu."

Onídìrí di ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rín ló ń bọ̀, kò sì fẹ́ kó jáde. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí àwọn náà dé ọ̀kan, kí oòrùn má baà pa èyí tó kù nínú ọpọlọ wọn."

"Àbúrò yín ní kí ẹ tọ́jú ara yín, màmá."

"Ìwọ dírẹ́bà yìí," ni Agbẹ̀bí wí, "o máa ń purọ́ báyìí nílé ìyàwó ẹ?"

"Màmá, òun ló gbé mi dé orí ọdún kẹtàdínlógún."

Obìnrin tó ń ta àkẹtẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra, èjìká ẹ̀gbọ́n ń gbọ̀n, ti àbúrò náà ń gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kí èkejì rí i. Agbẹ̀bí ra àkẹtẹ̀ kékeré kan. Ó ní oòrùn ló jẹ́ kí òun rà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, awakọ̀ ní òun fẹ́ lọ gbé ọkọ̀ kúrò níbi tó wà, torí ọlọ́pàá títì ti ń wò ó. Ó ní bí òun bá padà dé, òun á mú wọn wọ ọkọ̀ kékeré tó máa ń gbé èèyàn yí èbúté po. Onídìrí dúró níbi tí wọ́n ti ń ta òòyà onígi. Onídìrí ò lè rí òòyà kó kọjá. Ẹsẹ̀ ti ń ro Agbẹ̀bí. Ó rí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ òrùlé etí omi, àwọn obìnrin kan jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ló bá lọ fìdí lé ìparí rẹ̀.

Kò wo aṣọ wọn. Ká ní ó wò ó ni, ì bá rí i pé búlúù ni gbogbo wọn wọ̀.

Kò pẹ́ tí obìnrin gíga kan fi dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti fèrè lọ́rùn. Ó fi ìka kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì dópin: "...mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá. Ó pé! Ó yá, ẹ dìde!" Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni kò wá lọ́jọ́ náà, Agbẹ̀bí sì ti dí àyè rẹ̀. Gbogbo wọn dìde, Agbẹ̀bí dìde. Gbogbo wọn wọ ọkọ̀ kékeré kan, Agbẹ̀bí wọ̀ ọ́, ó yan ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó ń rò ó lọ́kàn pé ètò àwọn ará ìlú yìí dára, pé dírẹ́bà onírọ́ yẹn kò tíì dé, síbẹ̀ wọ́n ti ń gbé èèyàn lọ.

Onídìrí gbójú sókè láti orí òòyà, ó rí àkẹtẹ̀ kékeré tó ń sún kúrò létí èbúté. Ó wo ọkọ̀ náà dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: ÒṢÌṢẸ́ NÌKAN.

Ó gbàgbé ọdún mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀! Ọkọ̀ yẹn kọ́!"

Agbẹ̀bí gbọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí awakọ̀. Ó wá yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń pariwo yẹn pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Ẹ̀yin náà lẹ́nu, màmá," ni obìnrin náà dá a lóhùn.

Onídìrí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí orúnkún rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó sì fò. Àárín etí èbúté àti ọkọ̀ kò tíì ju ìṣísẹ̀ kan ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, òkun ló fò kọjá. Ó já lé orí àwọn obìnrin mẹ́ta. Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́ sómi, ó ń léfòó lọ.

"Ẹ̀yin, ẹ pẹ́!" ni obìnrin gíga náà sọ, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ju épírọ́ọ̀nù búlúù kan lé e láyà. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹnì kan kún wa. Ìgbà tí wọ́n sì máa rán ẹnì kan wá, ẹni tí kò ní ju bàtà kan ni wọ́n rán."

Onídìrí la ẹnu láti ṣàlàyé. Ẹnì kan ja á léèékánná ní apá. Ó yíjú, ó rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Dákẹ́," ni Agbẹ̀bí sọ lábẹ́ ètè.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n sí àbúrò láti ọdún mẹ́rin. Ẹnu ya Onídìrí débi pé ó dákẹ́ lóòótọ́.

"O fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé àgbàlagbà bíi tèmi jókòó sínú ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ?"

"Ibi wo wá ni a ń lọ?"

"Èmi ò mọ̀."

Ibi tí wọ́n ń lọ ni inú ọkọ̀ òkun funfun yẹn. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lókè omi díẹ̀, òórùn ọṣẹ sì kọ lù wọ́n. Àwọn èrò tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, àwọn tuntun ń bọ̀ ní aago mẹ́ta, gbogbo yàrá sì gbọ́dọ̀ mọ́. Obìnrin gíga yìí ni ọ̀gá àwọn atúnyàràṣe. Ó ń pín wọn ní méjìméjì.

"Ẹ̀yin àgbà méjì yìí, ẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹta. Yàrá mọ́kànlá, apá ọ̀tún. Ẹ má jẹ́ kí n bá irun kan nílẹ̀."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀wù òtútù, ilẹ̀kùn tò lọ lọ́tùn-ún lósì. Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó kún fún ṣíìtì funfun, táwẹ̀lì àti ọṣẹ kéékèèké. Wọ́n wọ yàrá àkọ́kọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró.

"Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa dá wa padà," ni Onídìrí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Agbẹ̀bí dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ti ki igun ṣíìtì bọ ìsàlẹ̀ wúruwùru bí ẹni tó ń ki àkísà bọ inú ihò. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Agbẹ̀bí fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláboyún. Ọwọ́ ń yún un. "Ẹyọ kan yìí la máa tún ṣe. Ká kàn tún ẹyọ kan yìí ṣe."

Bẹ́ẹ̀dì náà fẹ̀. Ẹnì kan kò lè dá a tẹ́. Bí èèyàn bá fà á níhìn-ín, á sún lọ́hùn-ún.

"Di igun yẹn mú," ni Agbẹ̀bí wí. "Rárá, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ. Fà á. Má fà á tó bẹ́ẹ̀, a kì í fa bẹ́ẹ̀dì létí."

"Ẹ̀yin ló ń fà á. Ẹ tu ọwọ́ díẹ̀."

"Ká a sókè báyìí. Wá tẹ̀ ẹ́ sábẹ́. O rí i? Kó mú bí etí àpò ìwé."

Kò sí dírẹ́bà láàárín wọn níbẹ̀. Ṣíìtì nìkan ló wà láàárín, bí ọ̀kan kò bá sì sọ̀rọ̀, èkejì kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó fà á. Nígbà tí wọ́n parí, bẹ́ẹ̀dì náà tẹ́jú rẹrẹ. Wọ́n wò ó. Inú wọn dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó ku yàrá mẹ́wàá," ni Onídìrí wí.

"Ta ló bi ẹ́?"

Wọ́n wọ èkejì.

Ní yàrá kẹta, Onídìrí mú táwẹ̀lì mẹ́ta. Ọwọ́ onídìrí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká nǹkan lásán. Kó tó mọ̀, ó ti di wọ́n mọ́ra bí irun ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, ó yí ìparí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Agbẹ̀bí ní kí ni èyí. Onídìrí ní ìdì irun ni. Agbẹ̀bí ní táwẹ̀lì ni wọ́n fi ń nu ara o. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ nu ara á tú u. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ọ̀gá yọ orí wọlé. Ó wo igun bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó wo táwẹ̀lì náà yípo.

"Ta ló ṣe èyí?"

Àwọn méjèèjì nawọ́ sí ara wọn bí ọmọ iléèwé.

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo ìyókù," ni ọ̀gá wí, ó sì lọ.

Yàrá keje ni dígí gíga kan wà, ó ga láti ilẹ̀ dé òkè ògiri. Wọ́n ń gbé ìrọ̀rí kọjá níwájú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì rí ara wọn pa pọ̀, nínú aṣọ búlúù, òógùn lójú, ọ̀kan nínú wọn lórí bàtà kan ṣoṣo. Onídìrí dúró. Ọ̀rọ̀ dígí ló ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, dígí ìyá, èyí tó ní ẹsẹ̀ igi, wà nínú yàrá rẹ̀. Kí Onídìrí tó dé láti gbé e, Agbẹ̀bí ti fi ta ilé ìgbẹ̀bí lọ́rẹ. Kò bi ẹnikẹ́ni.

"Iwájú rẹ̀ ni ìyá ti kọ́ mi ní irun dídì," ni Onídìrí wí. Kò pariwo. "Ọmọ ọdún méje ni mí. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Agbẹ̀bí gbé ìrọ̀rí kalẹ̀. "Wò mí dáadáa nínú dígí yẹn. Ta ni mo jọ?"

Onídìrí wò ó. Iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ọrùn ṣe tẹ̀ díẹ̀ sí òsì. "Ẹ jọ ìyá."

"Gbogbo àárọ̀ tí mo bá kọjá níwájú dígí wọn, wọ́n á yọ sí mi. Mo máa ń kí wọn, àbúrò mi. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí ara mi nínú dígí. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ tí mo ń dá ara mi lóhùn, mo pe àwọn ilé ìgbẹ̀bí pé kí wọ́n wá gbé e lọ." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu imú. "Mi ò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Agbẹ̀bí tó ya wèrè, ta ló máa gbé ìyàwó rẹ̀ wá fún un?"

Onídìrí fẹ́ sunkún. Ẹ̀rín ló jáde. Ó fojú inú rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Agbẹ̀bí kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, ó sì di dandan kí wọ́n tún un tẹ́.

"Ẹ ì bá sọ fún mi."

"O ò béèrè. Ariwo lo pa. O pè mí ní olè lójú àwọn tó wá kí wa."

"Mo pariwo. Ẹ dárí jì mí."

"Èmi náà, mi ò bi ẹ́ kí n tó gbé e fún wọn. Kò dáa." Agbẹ̀bí dìde, ó na ìdí ṣíìtì. "Di igun tìrẹ mú."

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni wọ́n parí ìkọkànlá. Ọ̀gá tún dé, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Agbẹ̀bí wo àbúrò rẹ̀, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. A kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ìsinmi la wá."

"Ìsinmi wo?"

"Ìsinmi ìgbádùn."

Ọ̀gá wo àkẹtẹ̀ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ṣíìtì. Ó wo ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, fèrè ọrùn rẹ̀ ń fò sókè sódò. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní àlejò kì í wá kó má rí nǹkan kan. Ó mú wọn gun àtẹ̀gùn lọ, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, títí wọ́n fi jáde sórí òkè ọkọ̀ pátápátá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìlú náà tán. Gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: àwọn páànù tó dípẹtà, òpó funfun, ọjà gígùn, ọ̀nà tó yí orí òkè po bí okùn. Ní etí èbúté, ọkùnrin kan ń sá sókè, ó ń sá sódò, ó ń fi nǹkan kan juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá.

"Kí ló ń ṣe ẹni yẹn?" ni Agbẹ̀bí béèrè.

Onídìrí ṣíji bo ojú. "Ó wọ táì."

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré gbé wọn dé ilẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá kan, bàtà òsì Onídìrí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ti rí i lójú omi, kò sì rí ẹlẹ́sẹ̀.

"Màmá!" Ohùn rẹ̀ ti há. "Mo ti ro ohun tí mo máa wí fún ọ̀gá mi. Mo ti rò ó lọ́nà mẹ́fà, kò sí èyí tó dùn ún gbọ́!"

"Àwọn wọ̀nyí ni?" ni ọlọ́pàá béèrè, ó ń wo ìwé rẹ̀. "Ìwọ lo ní wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo bi ẹ́ pé àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa sọnù pọ̀."

"Dírẹ́bà, pẹ̀lẹ́," ni Agbẹ̀bí wí. "Iṣẹ́ ló gbé wa lọ."

"Mọ́kànlá," ni Onídìrí wí. "Yàrá mọ́kànlá."

"Méjìlá, tí a bá ka èyí tí o jókòó lé."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó lé e, ẹ̀gbọ́n mi."

Awakọ̀ wo ẹnu èyí, ó wo ẹnu tọ̀hún. Ó fi bàtà lé Onídìrí lọ́wọ́.

Àwọn méjèèjì ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà. Nígbà tí wọ́n gun orí òkè, wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Aago mẹ́rin ti lù, ọkọ̀ òkun funfun ti fun fèrè rẹ̀, ó sì ń yí imú sí ojú òkun pẹ̀lú àwọn èrò tuntun nínú rẹ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n fara ti irin ẹ̀bá ọ̀nà.

"Fèrèsé yàrá kẹsàn-án," ni Agbẹ̀bí sọ lójijì. "A ò pa á dé."

"A pa á dé."

"A ò pa á dé. Mo rí kọ́tìnì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nígbà tí a ń jáde."

"Fáànù ló ń fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa fèrèsé dé."

"Ọwọ́ ẹ yẹn táwẹ̀lì ló ń dì."

"Ẹ ṣáà wò ó, ṣé ẹ rí fèrèsé tó ṣí níbẹ̀?"

Fèrèsé ọkọ̀ náà ju ẹgbẹ̀rún lọ, gbogbo wọn ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì na ọrùn, ọ̀kan ń nawọ́ síhìn-ín, èkejì ń nawọ́ sọ́hùn-ún, wọ́n ń wá yàrá kẹsàn-án lápá ọ̀tún títí ọkọ̀ náà fi kéré bí ẹyin lórí omi.